Àrokò Kò Wọlé, Iṣẹ́ Wọlé: Èdè-Ìperí fún Ìpàrokò Dópámíìnì nínú Sẹ́ẹ̀lì Ọpọlọ

Ìtàn àtẹnudẹ́nu àwọn Àwórì sọ pé nígbà tí Olófin Ògúnfúnminíre àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ń kúrò ní Ilé-Ifẹ̀, àwo kan ni wọ́n gbé lé ojú omi. Ibi tí àwo náà bá rì sí ni kí wọ́n tẹ̀dó sí. Wọ́n tẹ̀ lé e títí ó fi rì ní Ìṣẹ̀rí. Ìṣẹ̀rí-Olófin, tí ó wà ní agbègbè Alímọ̀ṣọ́ ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ṣì ń jẹ́ orúkọ Olófin náà títí di òní. Bí a bá gba ìtàn yìí gẹ́gẹ́ bí orísun orúkọ ẹ̀yà náà, odidi gbólóhùn ni 'Àwórì' jẹ́: àwó rì, pẹ̀lú ohùn òkè tí ó máa ń jẹyọ láàárín olùwà àti ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó ti gun fáwẹ̀lì ìparí 'àwo'.

Àwo náà kò sọ̀rọ̀, kò sì bá ẹnikẹ́ni wọlé. Apẹja tí ó bá wà létí omi ní ọjọ́ náà kò ní rí ju àwo tí ó rì lọ. Ẹni tí wọ́n ti fi ìtumọ̀ rírì àwo lé lọ́wọ́ ṣáájú ni ó dúró tí ó sì kọ́lé. Iṣẹ́ tí àwo jẹ́ kò sí lára àwo. Inú ẹni tí ó gbà á ni ó wà.

Ohun tí àwọn onímọ̀ ọpọlọ ti rí nípa dópámíìnì kò jìnnà sí èyí rárá, òun ni ó sì mú kí ọ̀rọ̀ tí a ó máa fi pe àwọn ẹ̀yà inú sẹ́ẹ̀lì tí ọ̀rọ̀ kàn di ohun tí ó yẹ ní àròjinlẹ̀. Àpilẹ̀kọ yìí gbé ọ̀rọ̀ méjì yẹ̀wò ní pàtàkì: èyí tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní receptor, àti ìgbésẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e nínú sẹ́ẹ̀lì. Bí olùkọ́ tàbí atúmọ̀-èdè bá ṣi orúkọ yàn níbẹ̀, kì í ṣe ẹwà èdè nìkan ni ó bàjẹ́. Ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀ ni yóò wọ́.

Ibi tí iṣẹ́ dé dúró

Èdè Yorùbá kì í ṣe àlejò nínú ẹ̀kọ́ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Ní oṣù kìíní ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfunwá àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́ àyàfi Gẹ̀ẹ́sì, sáyẹ́ǹsì sì wà lára rẹ̀. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olótùú apá kìíní rẹ̀ ní ọdún 1984, tí Ọládélé Awóbùlúyì sì ṣe ti apá kejì ní ọdún 1990, fi ẹsẹ̀ ìlànà ìṣẹ̀dá-ọ̀rọ̀ múlẹ̀ fún ẹ̀kọ́ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni. Ìlànà wọn ṣeé tẹ̀ lé níbi gbogbo. Ṣùgbọ́n inú sẹ́ẹ̀lì kì í ṣe oko tí wọ́n jáde lọ ro, kò sì sí ẹni tí ó lè bá wọn wí sí i.

Nítorí èyí, ẹni tí ó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa receptor lónìí sábà máa ń lo 'olùgbà'. Ọ̀rọ̀ náà bá òfin ìṣẹ̀dá mu, ó sì rọrùn. Àléébù rẹ̀ ni pé ohun tí a bá gbà, ọwọ́ ẹni tí ó gbà á ni ó ń wà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá gbọ́ pé 'olùgbà gba dópámíìnì' yóò rò pé dópámíìnì ti gba ara rẹ̀ wọ inú sẹ́ẹ̀lì, ó sì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Kí a tó dá orúkọ mìíràn, ó yẹ kí a wo ohun tí ń ṣẹlẹ̀ gan-an.

Ohun tí ń ṣẹlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà àti nínú ilé

Ọ̀rá ni ó pọ̀ jù nínú awọ tí ó bo sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ, dópámíìnì kò sì rí ọ̀nà gba inú rẹ̀ kọjá lọ́fẹ̀ẹ́. Prótíìnì kan wà tí ó gún awọ náà ní ìgbà méje, tí ó ń wọlé tí ó ń jáde bí òwú aránṣọ. Ojú rẹ̀ kọ sí òde, ìdí rẹ̀ wà nínú ilé. Prótíìnì yìí ni receptor. Nígbà tí dópámíìnì bá bọ́ sínú àlàfo tí ó wà lápá òde, ara prótíìnì náà yí díẹ̀, yíyí yìí sì ṣí ìdí rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn tí ń dúró nínú. Gbogbo ohun tí dópámíìnì ṣe kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Láìpẹ́, ó já kúrò, prótíìnì mìíràn a sì fà á padà sínú sẹ́ẹ̀lì tí ó rán an wá.

Ẹni tí ń dúró nínú ni prótíìnì G, tí Alfred Gilman àti Martin Rodbell tìtorí rẹ̀ gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1994. Ó ní ẹ̀ka mẹ́ta, tí a ń fi lẹ́tà Gíríìkì mẹ́ta pè: α, β àti γ. Nígbà tí kò bá sí iṣẹ́, ẹ̀ka α di èròjà kan mú tí a ń pè ní GDP. Bí receptor bá ti yí, α ju GDP sílẹ̀, ó mú GTP, ó sì ya kúrò lára àwọn méjì yòókù láti lọ bá ẹ́ńsáìmù kan tí ó wà lára awọ kan náà. Nígbà tí ó bá yá, α fúnra rẹ̀ a fọ́ GTP di GDP, iṣẹ́ rẹ̀ a sì parí. Bí ọkọ àti ìyàwó bá ti mọra tán, alárinà a yẹ̀ba. Kò sí orúkọ tí ó tún yẹ prótíìnì yìí ju 'alárinà' lọ: láàárín ẹni méjì tí kò fara kanra ni ó ń rìn, ó sì mọ ìgbà tí ó yẹ kí òun kúrò.

Ẹ́ńsáìmù tí alárinà lọ bá ni adenylyl cyclase. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti sọ ATP, tí í ṣe owó ìná agbára nínú sẹ́ẹ̀lì, di cAMP. Earl Sutherland ni ó rí cAMP, tí ó sì gba ẹ̀bùn Nobel nítorí rẹ̀ ní ọdún 1971. Ẹ́ńsáìmù kan ṣoṣo lè ṣe ọ̀pọ̀ cAMP, nítorí náà ariwo inú ilé máa ń ju ìkànkùn ẹnu ọ̀nà lọ. cAMP yìí ni ó ń tú ẹ́ńsáìmù mìíràn, PKA, sílẹ̀. PKA a wá máa lẹ fọ́sféètì mọ́ àwọn prótíìnì mìíràn, ìwà àwọn prótíìnì náà a sì yí padà: ihò tí èròjà kálísíọ́mù ń gbà wọlé lè ṣí sí i, sẹ́ẹ̀lì lè túbọ̀ ṣe tán láti dáhùn ìpè àwọn sẹ́ẹ̀lì mìíràn, bí ọ̀rọ̀ bá pẹ́, ó lè dé orí àwọn jíìnì tí ó wà nínú kókó sẹ́ẹ̀lì.

Títí dé ibí yìí, ènìyàn lè rò pé ọ̀rọ̀ dópámíìnì kò ju 'yára' lọ. Ní ọdún 1972, John Kebabian, Gary Petzold àti Paul Greengard fi hàn pé dópámíìnì ń mú kí cAMP pọ̀ sí i nínú apá kan nínú ọpọlọ eku. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1979, Kebabian àti Donald Calne kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ̀yà méjì ni receptor dópámíìnì pín sí: D1 tí ó ń mú cAMP pọ̀, àti D2 tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Láàárín ọdún 1988 sí 1991 ni wọ́n rí jíìnì àwọn receptor náà, tí wọ́n sì kà wọ́n sí márùn-ún: D1 àti D5 ní apá kan, D2, D3 àti D4 ní apá kejì. Alárinà tí ó wà lẹ́yìn D1 ń ta ẹ́ńsáìmù jí. Ti ẹ̀yìn D2 ń dá ẹ́ńsáìmù kan náà dúró, àwọn ẹ̀ka β àti γ rẹ̀ sì ń ṣí ihò tí èròjà pòtáṣíọ́mù ń gbà jáde, tí ara sẹ́ẹ̀lì fi ń rọlẹ̀.

Níhìn-ín ni kókó ọ̀rọ̀ wà. Dópámíìnì kan náà ni, kò fi ẹyọ kan yàtọ̀. Bí ó bá kan ilé D1, ilé náà a jí. Bí ó bá kan ilé D2, ilé náà a dákẹ́. Nínú agbègbè ọpọlọ tí a ń pè ní striatum, tí ó ń bá wa ṣètò ìrìn àti ìgbésẹ̀, àwọn sẹ́ẹ̀lì tí D1 pọ̀ lára wọn ń ran ìgbésẹ̀ lọ́wọ́, àwọn tí D2 pọ̀ lára wọn ń dí i lọ́wọ́. Dópámíìnì ta àwọn ti ìṣáájú jí, ó pa àwọn ti ẹ̀yìn lẹ́nu mọ́, ìdáhùn méjì tí ó takora sì parí sí ibi kan náà: ẹsẹ̀ gbéra. Bí ó bá jẹ́ pé inú dópámíìnì ni àṣẹ wà, èyí kò lè ṣẹlẹ̀.

Greengard, tí òun, Arvid Carlsson àti Eric Kandel jọ gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2000, fi prótíìnì kan kún ìmọ̀ yìí tí ó yẹ kí olùkọ́ fara balẹ̀ ṣàlàyé. DARPP-32 ni orúkọ rẹ̀. Nígbà tí PKA bá lẹ fọ́sféètì mọ́ ibì kan lára rẹ̀, DARPP-32 a dá ẹ́ńsáìmù tí ń yọ fọ́sféètì kúrò lára àwọn prótíìnì mìíràn lọ́wọ́ kọ́. Ọ̀rọ̀ D1 a wá di ti ẹni tí ó ń pọnmi sínú àmù tí ó sì tún dí ihò ìdí àmù náà. D2 ń ṣe òdìkejì: ó dín omi tí ń wọlé kù, ihò a sì ṣí.

Yíyan orúkọ

Àfiwé kọ́kọ́rọ́ àti àgádágodo ni ó wọ́pọ̀ jù nínú àwọn ìwé Gẹ̀ẹ́sì. Ó wúlò fún ṣíṣàlàyé bí oògùn ṣe lè há sínú ihò kí kọ́kọ́rọ́ tòótọ́ má lè wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ kan kì í ṣí ilẹ̀kùn kan kí ó sì máa ti òmíràn pa. Ẹni tí ó bá bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀ yóò há sẹ́nu ọ̀nà D2.

Yorùbá ní àṣà kan tí ó bá ọ̀rọ̀ yìí mu ju àgádágodo lọ, òun ni àrokò. Ẹni tí ó bá fi ẹyọ owó mẹ́fà tí a sín pọ̀ ránṣẹ́ sí olólùfẹ́ rẹ̀ ń sọ pé ọkàn òun fà sí i, nítorí ẹ̀fà ni. Ẹyọ mẹ́jọ dúró fún ìrẹ́pọ̀, nítorí ẹ̀jọ àti jíjọ. Ẹ jẹ́ kí ẹyọ mẹ́fà yìí bọ́ sí ọwọ́ ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá. Kò sí 'fà' kankan nínú rẹ̀ fún un. Owó tí ó fi lè ra nǹkan ni yóò rí, bí ó bá tilẹ̀ jẹ́ ayé tí wọ́n ṣì ń ná ẹyọ. Ẹyọ kò yí padà. Èdè tí ó wà nínú ẹni tí ó gbà á ni ó yàtọ̀. Alárinà ẹ̀yìn D1 àti ti ẹ̀yìn D2 ni èdè méjèèjì náà.

Nítorí náà, orúkọ tí ó yẹ receptor ni 'agbàrokò', ìyẹn a-gba-àrokò. Ọ̀rọ̀-ìṣe 'gbà' pàdánù ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ níwájú ọ̀rọ̀-orúkọ, fáwẹ̀lì rẹ̀ sì jẹ́ ìpajẹ. Ohùn ìsàlẹ̀ tí ó kù lórí sílébù kejì, ti 'àrokò' ni. Ẹni tí ó bá ń pe ọ̀rọ̀ náà fún kíkọ sílẹ̀ nínú kíláàsì gbọ́dọ̀ ṣọ́ ohùn yìí. Láti ara rẹ̀ ni a ti rí 'ìpàrokò' fún ìgbésẹ̀ odindi, nítorí 'pa àrokò' ni Yorùbá ń wí.

Ẹnìkan lè sọ pé 'gbà' tí a torí rẹ̀ lé 'olùgbà' jáde náà ni ó tún wọlé padà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àbọ̀ 'gbà' ni ó yí ìtumọ̀ rẹ̀ padà. Ẹni tí ó gba ẹrù kò ní ju kí ó gbé e pamọ́. Ẹni tí ó gba àrokò ní láti túmọ̀ rẹ̀, ó sì ní láti dáhùn. Ohun tí wọ́n fi pa á tilẹ̀ lè padà tẹ̀ lé ẹni tí ó mú un wá, bí dópámíìnì ti ń padà sílé. Àtakò kejì lágbára ju èyí lọ: àrokò ní èrò inú ẹni tí ó rán an, sẹ́ẹ̀lì kò sì ní èrò inú. Ibẹ̀ ni àfiwé náà kúrú sí lóòótọ́, olùkọ́ sì gbọ́dọ̀ wí bẹ́ẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́. Àbùkù kan náà ni ó wà lára messenger tí Gẹ̀ẹ́sì ń lò, àwọn elédè náà kò sì jù ú nù.

Ní ti cAMP, ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè é ni ońṣẹ́ kejì. Bí a bá túmọ̀ rẹ̀ bẹ́ẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ yóò rò pé irú ońṣẹ́ kan náà ni wọ́n tún rán lẹ́ẹ̀kejì láti òde. 'Ońṣẹ́-ilé' ni ó sàn: ẹni tí a bí nínú ilé, tí kì í jáde, tí iṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí àrokò ti dé ẹnu ọ̀nà. PKA àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lè jẹ́ 'alẹ-fọ́sféètì', àwọn alátakò wọn 'ayọ-fọ́sféètì'. D2 tí ó wà lára sẹ́ẹ̀lì tí ó rán dópámíìnì jáde, tí ó ń sọ fún un pé èyí tí ó rán ti tó, ni 'agbàrokò-ara-ẹni'. Oògùn tí ó há sínú agbàrokò tí kò jẹ́ kí àrokò ráyè ni 'adínà'.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí kò yẹ kí ó wọ ìwé ẹ̀kọ́ rárá, òun ni pípe dópámíìnì ní 'èròjà ayọ̀'. Ó dùn létí. Kò ṣàlàyé ìdí tí ẹni tí dópámíìnì rẹ̀ gbẹ fi ń gbọ̀n tí kò sì lè gbé ẹsẹ̀.

Ewé méjì àti oògùn kan

Ìdánwò èdè-ìperí ni kí a fi í ṣàlàyé ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ sí ènìyàn. Nǹkan mẹ́ta wà tí ó ń dé ibi iṣẹ́ dópámíìnì ní ilẹ̀ Yorùbá, 'olùgbà' kò sì lè yà wọ́n sọ́tọ̀.

Èkíní ni asofẹ́yẹjẹ, tí àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ti ń lò fún ìtọ́jú wèrè láti ọjọ́ pípẹ́. Raymond Prince, oníṣègùn ọpọlọ ará Kánádà tí ó ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Arò ní Abẹ́òkúta, ṣe ìròyìn lílò rẹ̀ ní ọdún 1960. Èròjà reserpine wà nínú rẹ̀, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ yọ ní Basel ní ọdún 1952 láti ara ìbátan rẹ̀ tí ó ń hù ní Íńdíà. Reserpine kò fọwọ́ kan agbàrokò. Àpò kéékèèké tí dópámíìnì ń wà nínú sẹ́ẹ̀lì tí ó ń rán an ni kì í jẹ́ kí ó kún mọ́. Agbàrokò jókòó, kò rí àrokò kankan gbà. Ní ọdún 1957, Carlsson fún àwọn ehoro ní reserpine, wọ́n sì dúró gbagidi. Nígbà tí ó fún wọn ní L-DOPA, tí ọpọlọ ń sọ di dópámíìnì, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí rìn.

Ìkejì ni wèrèpè, tí gbogbo ọmọ tí ó bá ti wọ igbó mọ bí ó ti ń yúnni. L-DOPA wà nínú hóró rẹ̀. Ní Íńdíà ni wọ́n ti yọ ọ́ jáde ní ọdún 1937. Nínú àìsàn Parkinson, àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń ṣe dópámíìnì ni ó ń kú, àwọn agbàrokò ṣì wà. L-DOPA wúlò nítorí pé dópámíìnì fúnra rẹ̀ kò lè gba inú ẹ̀jẹ̀ wọ ọpọlọ, L-DOPA sì lè wọ̀ ọ́. Iye tí ó wà nínú hóró kan kì í ṣe iye tí ó wà nínú òmíràn, nítorí náà hóró wèrèpè kì í ṣe ohun tí aláìsàn ń dá wọ̀n fún ara rẹ̀. Ní Èkó, Ọ̀jọ̀gbọ́n Njideka Okubadejo ti Yunifásítì Èkó wà lára àwọn aṣáájú ìwádìí tí ó jáde ní ọdún 2023, tí ó fi hàn pé ìyàtọ̀ kan nínú jíìnì GBA1 ń dá kún ewu àìsàn yìí láàárín àwọn ọmọ Áfíríkà. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ kí a bá aláìsàn àti ẹbí rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní èdè tí wọ́n gbọ́.

Ìkẹta ni haloperidol, tí wọ́n ṣe ní Bẹ́ljíọ̀mù ní ọdún 1958, tí àwọn dókítà ń fún ẹni tí ó ń gbọ́ ohùn tí kò sí. Adínà ni, D2 ni ó ń dí. Dídí yìí ni ó ń mú ohùn náà rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n D2 wà ní ibi púpọ̀ nínú ọpọlọ, ó sì wà nínú striatum. Ọwọ́ aláìsàn lè bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n, ara rẹ̀ lè le bíi ti ẹni tí ó ní Parkinson. Bí ẹbí bá rí èyí, wọ́n lè rò pé wọ́n ti fi àìsàn kún àìsàn, kí wọ́n sì kó oògùn dànù lálẹ́ ọjọ́ kan. Bí a bá sọ fún wọn pé 'oògùn yìí ń bá olùgbà dópámíìnì jà', kò yé ẹnikẹ́ni. Atúmọ̀-èdè ní ilé ìwòsàn lè sọ báyìí: 'Ẹ̀yin ẹbí, àwọn agbàrokò kan wà nínú ọpọlọ. Oògùn yìí dí wọn kí wọ́n má baà máa gba àrokò òdì tí ó ń mú un gbọ́ ohùn. Irú agbàrokò kan náà ni ó ń bá ẹsẹ̀ àti ọwọ́ ṣètò ìrìn, oògùn sì ti dí àwọn náà. Gbígbọ̀n yìí kì í ṣe àìsàn tuntun. Ẹ má dá oògùn dúró fúnra yín. Ẹ jẹ́ kí dókítà rí i, kí ó dín in kù tàbí kí ó pààrọ̀ rẹ̀.'